Ohun Tí Ara Mojísọ́lá Ń Sọ

Òórùn búrẹ́dì ló kọ́kọ́ yí padà. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí Mojísọ́lá ti ń ṣiṣẹ́ nílé búrẹ́dì kan ní Ìgàndó, níbi tó ti ń kó búrẹ́dì tó bá ti tutù sínú ọ̀rá. Òórùn náà ti mọ́ ọn lára débi pé kì í gbọ́ ọ mọ́. Àfi ní òwúrọ̀ Mọ́ńdè kan nínú oṣù Kẹfà, tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ààrò, tí ooru rú jáde, tí òórùn ìwúkàrà sì gbá a nímú bí ìgbà tí wọ́n bá gbá èèyàn létí. Ó fọwọ́ bo ẹnu. Ó sáré gba ẹ̀yìnkùlé, ó di ògiri mú, ó sì bì títí tó fi ku omi kíkorò nìkan.

Nígbà tó fọ ẹnu rẹ̀ tán, kò tètè padà wọlé. Ó dúró sójú kan, ó ń wo omi tó ń ṣàn lọ nínú gọ́tà. Aṣọ dúdú ló wà lára rẹ̀, nítorí kò tíì pé oṣù méjì tí wọ́n sin ọkọ rẹ̀.

Olúsànyà ọkọ rẹ̀, táìsì ilẹ̀ ilé ló ń lẹ̀. Kò sí ibi tí wọn ò ti ń pè é ní gbogbo Alimọ́ṣọ́, nítorí ọwọ́ rẹ̀ mọ́, kì í sì í fi iṣẹ́ oníṣẹ́ ṣeré. Kì í ṣàìsàn. Ó kàn ti Ayọ̀bọ̀ dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni, ó jókòó, ó ní orí ń fọ́ òun, kí Mojísọ́lá bá òun bu omi tútù wá. Kí omi tó dé, ó ti ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Níbi tí wọ́n gbé e lọ, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, pé iṣan kan ti bẹ́ lórí rẹ̀. Ọjọ́ méjì ló lò, kò lajú, kò sọ̀rọ̀, ó sì lọ. Kò tíì pé ọmọ ogójì ọdún. Ó fi Mojísọ́lá sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọbìnrin kan ṣoṣo, Ẹniọlá, ọmọ ọdún mẹ́fà, nínú yàrá méjì tí wọ́n háyà ní Ìdímù.

Bí Mojísọ́lá ṣe dúró sẹ́yìnkùlé ilé búrẹ́dì lọ́jọ́ yẹn, ohun tó wá sí i lọ́kàn, ó bà á lẹ́rù. Ó rántí pé ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tí ọmú òun ti wúwo, tó sì ń dun òun bí kọ́mú bá fara kàn án. Ó rántí bí òòyì ṣe kọ́ òun níwájú ṣọ́ọ̀ṣì ní Sọ́ńdè, tí òun rò pé oòrùn ni. Ó rántí pé nǹkan oṣù òun kò wá látìgbà tí Olúsànyà ti kú.

Obìnrin mìíràn ì bá ti sọ pé kò sí ohun tó kù láti rò, oyún ni. Ṣùgbọ́n Mojísọ́lá mọ ohun tí ẹlòmíràn ò mọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin, nígbà tí ilé ṣì jẹ́ ilé, ó ti gba abẹ́rẹ́ ìfètòsọ́mọbíbí, èyí tó ń ṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta. Oyún kan ti bàjẹ́ lára rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ẹ̀jẹ̀ sì dà lára rẹ̀ débi pé dókítà ní kí ara rẹ̀ sinmi ná. Òun àti ọkọ rẹ̀ jọ gbà á bẹ́ẹ̀. Wọ́n jọ lọ sí ilé ìlera kékeré tó wà ládùúgbò wọn, Nọ́ọ̀sì Àmínát sì gún un lábẹ́rẹ́ sí apá.

“Ìyá Ẹniọlá, ẹ gbọ́ o,” ni nọ́ọ̀sì wí lọ́jọ́ náà. “Nǹkan oṣù yín lè máa ṣe ségesège. Ó lè máa kán díẹ̀díẹ̀, ó sì lè má wá mọ́ rárá. Orí lè máa fọ́ yín, ọmú lè máa dùn yín. Ẹ má jáyà. Ohun kan ṣá ni pé ó ti pẹ́ díẹ̀ tí nǹkan oṣù yín ti kọjá kí ẹ tó wá. Fún ọ̀sẹ̀ kan àkọ́kọ́, ẹ lo kọ́ńdọ̀ọ̀mù, kí abẹ́rẹ́ lè ríbi fìdí múlẹ̀.”

“A ti gbọ́, Nọ́ọ̀sì,” ni Olúsànyà dáhùn.

Wọ́n gbọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn ò ṣe é. Nínú ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, wọ́n sún mọ́ra wọn lẹ́ẹ̀kan, kò sì sẹ́ni tó rántí ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì. Ibi tí ọkàn Mojísọ́lá ti rí ihò kọjá nìyẹn. Bó bá ní kì í ṣe oyún, abẹ́rẹ́ ni, ọkàn á ní ọ̀sẹ̀ kan yẹn ńkọ́? Bó bá ní oyún ni, ọkàn á ní nọ́ọ̀sì ṣáà ti wí pé abẹ́rẹ́ lè dá nǹkan oṣù dúró.

Kò sí ẹni tó lè bi nínú ilé. Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ náà, èèyàn mẹ́ta ló mọ̀ ọ́n láyé, ọ̀kan nínú wọn sì ti wà nínú ilẹ̀.

*

Ìyá Olúsànyà ti wà lọ́dọ̀ Mojísọ́lá látọjọ́ ìsìnkú. Ìjẹ̀gùn ni ìyá náà ń gbé, lọ́dọ̀ Títí, àbíkẹ́yìn rẹ̀ obìnrin, ṣùgbọ́n ó ní òun ò lè fi ìyàwó ọmọ òun àti ọmọ ọmọ òun sílẹ̀ nínú ilé òfìfo. Aládùúrà ni. Láàárọ̀ kùtù, á wọ aṣọ funfun rẹ̀, á fi ẹsẹ̀ lásán rìn yípo yàrá, á máa kọrin sábẹ́ ohùn. Ìyá pẹ̀lẹ́ ni. Òun ló ń pọn omi, òun ló ń di irun Ẹniọlá. Síbẹ̀, bí àwọn obìnrin méjèèjì ṣe jọ ń gbé ilé kan náà tó, ẹkún wọn ò pàdé. Bí ìyá bá ń sunkún ní pálọ̀, Mojísọ́lá á lọ sí ilé ìdáná. Bí Mojísọ́lá bá ń sunkún ní bálùwẹ̀, ìyá á yí rédíò sókè kó má bàa dà bí ẹni tó ń gbọ́.

Ojú àgbà ò fọ́. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, Mojísọ́lá gbé àwo ìrẹsì síwájú ara rẹ̀, ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lọ́jọ́ kejì, ó dìde lójijì nídìí àdúrà, ó sáré jáde. Nígbà tó padà wọlé, ìyá ti pa Bíbélì dé.

“Ìyàwó mi, wá jókòó.”

“Màámi.”

“Ìgbà wo lo rí nǹkan oṣù rẹ kẹ́yìn?”

Mojísọ́lá wolẹ̀. “Ó ti pẹ́ díẹ̀, mà. Kó tó di pé Bàbá Ẹniọlá… kó tó di gbogbo èyí.”

Ìyá Olúsànyà rọra sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, eékún rẹ̀ tó ń dùn ún láti ọdún mélòó kan, ó fi kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

“Ọlọ́run ò gbàgbé mi! Ó fi nǹkan sílẹ̀! Olúsànyà ò lọ tán!”

Omijé ń dà lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ ìsìnkú, Mojísọ́lá ò tíì rí eyín ìyá yìí. Ó la ẹnu láti sọ pé, “Màámi, ẹ dúró, nǹkan kan wà tí ẹ ò mọ̀,” ṣùgbọ́n kò mọ ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀. Ṣé kó sọ fún obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ọmọ pé òun àti ọmọ náà ti jọ lọ dí ọ̀nà ọmọ? Ó fa ìyá dìde nílẹ̀ ni, ó ní, “Ẹ rọra, Màámi, eékún yín.” Ìyá dì mọ́ ọn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni máa dì mọ́ ọn pẹ́ títí látìgbà tí ó ti di opó, kò sì fẹ́ kí ọwọ́ yẹn kúrò lára òun.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe di nǹkan nìyẹn. Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í se ẹ̀fọ́ fún un láràárọ̀. Ó gba omi àdúrà wá láti ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Ó tilẹ̀ ti ní orúkọ tó ń pe ohun tó wà nínú ikùn náà: Babárímisá, orúkọ ọmọ tí bàbá rẹ̀ kò dúró rí. Orúkọ náà máa ń gún Mojísọ́lá láyà. Olúsànyà kò rí ẹnì kankan sá. Omi tútù ló ní kí wọ́n bu wá fún òun.

Ṣùgbọ́n ohun tí Mojísọ́lá ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé òun náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á gbọ́. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ìbẹ̀rù ló ń bà á: obìnrin kan ṣoṣo, ọmọ méjì, báwo? Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ìbẹ̀rù náà rọ̀. Ó bá ara rẹ̀ níbi tó ti ń gbé ọwọ́ lé ikùn bó ṣe ń lọ nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ní ọ̀sán Sọ́ńdè kan tí òjò ń rọ̀, tí ìyá àti Ẹniọlá ṣì wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó dùbúlẹ̀ sí apá ibi tí ọkọ rẹ̀ máa ń sùn sí, ó sì sọ̀rọ̀ sí ikùn rẹ̀. Ó sọ bí bàbá ṣe máa ń súfèé bó bá ń pò sìmẹ́ńtì. Ó sọ pé ìmú rẹ̀ tóbi, kí ó má gbé ìmú yẹn wá o, jàre. Lẹ́yìn náà ó fetí sílẹ̀, àfi bí ẹni tó ń retí èsì.

Ojoojúmọ́ ló ń yẹ ara rẹ̀ wò. Ọmú wúwo: oyún ni. Ikùn wú lẹ́yìn oúnjẹ: oyún ni. Lọ́jọ́ kan ó rí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ bí ẹ̀kán lára aṣọ rẹ̀. Ó rántí pé nọ́ọ̀sì ti sọ pé abẹ́rẹ́ lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ó tún rántí pé nígbà oyún Ẹniọlá náà, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ kán níbẹ̀rẹ̀. Àmì kan náà ń tọ́ka sí ọ̀nà méjì, ọ̀nà tó wù ú ló ń bá lọ.

Kẹ́míìsì wà ní igun àdúgbò rẹ̀, wọ́n ń ta pélébé tí wọ́n fi ń yẹ ìtọ̀ wò bóyá oyún wà. Bó bá ti ibi iṣẹ́ bọ̀, iwájú ibẹ̀ ló ń gbà kọjá. Kò yà rí. Ó mọ ìdí rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò jẹ́ sọ ọ́ síta: bí òun ò bá tíì ṣe àyẹ̀wò, ọmọ wà níbẹ̀. Bí òun bá ṣe é, ó ṣeé ṣe kó má sí níbẹ̀ mọ́.

Ẹniọlá ló fòpin sí i. Ọmọ náà ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá lórí ilẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó kàn gbójú sókè.

“Mọ́mì, Màámà ní Dádì fi bébì ránṣẹ́ sí wa.”

Màámà ló máa ń pe ìyá bàbá rẹ̀. Ọwọ́ Mojísọ́lá dúró lórí ata tó ń gé.

“Ṣé tó bá dé,” ni ọmọ ń bá ọ̀rọ̀ lọ, “ṣé ó máa lè sọ ohun tí Dádì ní kó sọ fún wa? Torí Dádì ò sọ nǹkan kan kó tó lọ.”

Mojísọ́lá wo ojú ọmọ náà. Ó rí i pé kì í ṣe eré. Ọmọ ń dúró de iṣẹ́ tí bàbá rán. Ó rí i pé bí òun bá tún jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí gùn sí i, èèyàn mẹ́ta ni yóò ṣubú láti ibi gíga, ẹni tó kéré jù nínú wọn ni yóò sì fara pa jù.

*

Ó tọrọ àyè níbi iṣẹ́ ní Wẹsidé, ó lọ sí ilé ìlera. Kò sọ fún ìyá. Nọ́ọ̀sì Àmínát rí aṣọ dúdú lára rẹ̀ kó tó rí ojú rẹ̀.

“Ìyá Ẹniọlá! Ta ni ẹ ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀?”

“Bàbá Ẹniọlá ni.”

Nọ́ọ̀sì di orí mú. Ó mú un wọ yàrá inú, ó ti ilẹ̀kùn. Mojísọ́lá ro gbogbo rẹ̀ fún un: èébì, òòyì, ọmú, nǹkan oṣù tí kò wá, ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n ò tẹ̀lé ìmọ̀ràn. Ó ń sọ̀rọ̀ kíákíá, bí agbẹjọ́rò tó ń ro ẹjọ́ ẹlòmíràn. Nọ́ọ̀sì gbọ́ ọ tán, kò dá a lẹ́bi. Ó fún un ní ike kékeré, ó ní kó lọ tọ̀ sínú rẹ̀.

Lórí tábìlì, wọ́n jọ ń wo pélébé náà. Ìlà kan yọ. Wọ́n dúró. Ìlà kan náà ni.

“Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ sí i,” ni Mojísọ́lá wí. “Bóyá ìkejì ṣì ń bọ̀.”

Wọ́n dúró. Nígbà tó pẹ́, nọ́ọ̀sì mú òmíràn jáde láìjẹ́ pé ó bẹ̀ ẹ́, ó tún un ṣe. Ìlà kan.

“Kì í ṣe oyún, Ìyá Ẹniọlá.”

“Ṣùgbọ́n gbogbo ara mi ń sọ bẹ́ẹ̀.”

Nọ́ọ̀sì fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn. “Ara yín ò purọ́. Ohun tó wà nínú abẹ́rẹ́ yẹn jọ ohun tí ara obìnrin fúnra rẹ̀ máa ń pèsè nígbà tó bá lóyún. Ìdí nìyẹn tí ara fi ń ṣe bí ẹni tó lóyún: ọmú á dunni, nǹkan oṣù á dáwọ́ dúró, ikùn á wú. Kò sí ẹni tó lè fi ojú lásán wo obìnrin kó sọ pé èyí oyún ni, èyí abẹ́rẹ́ ni. Èmi tí mo ń ṣe iṣẹ́ yìí, bó bá jẹ́ èmi ló ṣẹlẹ̀ sí, n ò ní mọ̀. Àyẹ̀wò nìkan ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Látìgbà tí Bàbá Ẹniọlá ti lọ, ó ti tó àsìkò tí ìtọ̀ yẹ kó fi í hàn bó bá wà níbẹ̀.”

“Èébì náà ńkọ́?”

“Èébì tó tó èyí tí ẹ sọ, n ò ní fẹ́ dá abẹ́rẹ́ nìkan lẹ́bi. Ẹ ń jẹun?”

Mojísọ́lá mi orí.

“Ẹ ń sùn?”

Ó tún mi orí.

Nọ́ọ̀sì wọn ìfúnpá rẹ̀, ó gba ẹ̀jẹ̀ ní ìka rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ibà wà níbẹ̀. Kò sí ibà. “Ìbànújẹ́ náà ń dá inú rú,” ló wí. “Òun náà ń dá nǹkan oṣù dúró. Ohun méjì ló dà pọ̀ lára yín. Ẹ padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, a ó tún yẹ̀ ẹ́ wò, kí ọkàn yín lè fìdí balẹ̀. Abẹ́rẹ́ kejì, oṣù yìí ló yẹ kẹ́ ẹ gbà á. Ẹ ò nílò rẹ̀ báyìí o, àfi tí ẹ bá fẹ́.”

“Ta ni mo fẹ́ gbà á fún?”

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Bí ẹni béèrè ọ̀nà ló ṣe wí i. Nọ́ọ̀sì Àmínát wò ó, ó gbé ọwọ́ lé e léjìká.

“Ṣé ẹ fẹ́ kó jẹ́ oyún ni?”

“Nígbà tó wà láyé, n ò fẹ́. Mo ní kí ara mi sinmi ná.” Ó nu ojú rẹ̀. “Mo kàn rò pé nǹkan kan kù.”

*

Ìyá wà lẹ́nu ọ̀nà tó ń ṣa ẹ̀wà nígbà tó délé. Mojísọ́lá kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. Ó mọ̀ pé bí òun bá wọlé lọ bọ́ bàtà, òun ò ní lè sọ ọ́ mọ́.

“Màámi, ilé ìlera ni mo ti ń bọ̀. Kì í ṣe oyún.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì.”

“Ẹ̀rọ wọn ni kò dáa. A ó lọ sí ibòmíràn.”

“Màámi, mo gba abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ ìfètòsọ́mọbíbí. Òun ló ń ṣe ara mi bẹ́ẹ̀.”

Ẹ̀wà dúró lọ́wọ́ ìyá. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an. “Ta ló ní kí o gbà á?”

“Èmi àti Bàbá Ẹniọlá la jọ lọ, mà. Nítorí oyún tó bàjẹ́ lọ́dún tó kọjá. Dókítà ló—”

“Má purọ́ mọ́ òkú!”

Ó dìde. Àwo dojú dé, ẹ̀wà fọ́n káàkiri ilẹ̀. “Ọmọ mi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ mi tó ń fẹ́ ọmọkùnrin! Ìwọ lo tilẹ̀kùn mọ́ ọn lẹ́yìn. Ìwọ.” Ó wọlé.

Mojísọ́lá wà níbẹ̀ lórí eékún, ó ń ṣa ẹ̀wà nínú eruku lọ́kọ̀ọ̀kan.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá di ẹrù rẹ̀. Kò bú u, kò ṣépè. Ó gbàdúrà lé Ẹniọlá lórí, ó sì lọ sí Ìjẹ̀gùn. Omi àdúrà tó gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, kò gbé e lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, Mojísọ́lá pe Ẹniọlá, ó sọ fún un pé kò sí bébì.

“Ó ti padà?” ni ọmọ béèrè.

“Kò wá rárá ni. Ara Mọ́mì ni kò yá, a rò pé bébì ni.”

Ọmọ náà rò ó díẹ̀. “Ó dáa,” ló wí, ó sì wọ abẹ́ apá ìyá rẹ̀. Kò tún béèrè mọ́, àìbéèrè rẹ̀ ló sì ba Mojísọ́lá nínú jẹ́ jù.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì pé, ó padà lọ. Ìlà kan. Èébì dẹwọ́ kí oṣù Keje tó parí, ọmú fúyẹ́, òórùn búrẹ́dì padà di òórùn búrẹ́dì. Gbogbo ohun tó dà bí ọmọ kúrò lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí àlejò tí kò dágbére. Ẹnì kankan ò mọ̀ kí ó bá a kẹ́dùn. Ohun tí kò sí rí, kò ní òkú, kò ní ìsìnkú, èèyàn ò sì lè wí fún wọn níbi iṣẹ́ pé òun ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Ìyá Olúsànyà ń pe fóònù ní ọjọọjọ́ Sọ́ńdè láti bá Ẹniọlá sọ̀rọ̀. Bí ọmọ bá ní, “Màámà, ẹ gba Mọ́mì,” ìyá á ti pa fóònù.

Oṣù ọ̀yẹ́ ni nǹkan oṣù rẹ̀ tó padà wá. Nọ́ọ̀sì ti sọ fún un pé ó lè pẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó rí i láàárọ̀, kó tó lọ síbi iṣẹ́. Ó jókòó ní bálùwẹ̀, ó sunkún tẹ́rùntẹ́rùn, ó fọ aṣọ rẹ̀, ó sá a. Ìgbà tó dé ilé búrẹ́dì, wọ́n ní ó pẹ́. Ó ní kí wọ́n máa bínú.

*

Nínú oṣù Kejì ọdún tó tẹ̀ lé e, fóònù rẹ̀ dún lọ́jọ́ tí kì í ṣe Sọ́ńdè.

“Mojísọ́lá.” Orúkọ rẹ̀ ni ìyá pè é, kò ní ìyàwó mi.

“Màámi! Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mà. Ṣé kò sí?”

“Títí ló ń bì. Ó ní òun ń lo oògùn oníhóró yẹn, èyí tí ẹ fi ń fètò sọ́mọ bíbí. Ó ní oògùn náà ló ń ṣe òun bẹ́ẹ̀, pé kò sí nǹkan kan. Ọkọ rẹ̀ ní oyún ni. Wọ́n ń jà. Èmi ò mọ ohun tí mo lè wí. Ìwọ ló ṣe rí. Báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀?”

Mojísọ́lá jókòó sórí àpò fúláwà. “Èèyàn kì í mọ̀, Màámi. Wọ́n máa ń yẹ̀ ẹ́ wò ni.”

“Ó ní òun ò lọ.”

“Mò ń bọ̀ ní Sátidé.”

Òun àti Ẹniọlá gun ọ̀kadà gba àárín kòtò àti gegele wọ Ìjẹ̀gùn. Títí wà lórí ibùsùn, ó rù. Nígbà tí wọ́n wà láwọn nìkan, Mojísọ́lá bi í.

“Eléyinjú-ẹgẹ́,” bó ṣe máa ń pe àbúrò ọkọ rẹ̀ nìyẹn látọjọ́ tó ti dé ilé wọn, “ṣé ẹ kì í gbàgbé oògùn náà?”

“Ìyàwó wa, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìgbà kan tí mo lọ síbi ìsìnkú, mo gbàgbé rẹ̀ sílé, ó tó ọjọ́ mẹ́rin. Ṣùgbọ́n ọmú mi ò tilẹ̀ dùn mí. Oyún mi méjèèjì, ọmú ló máa ń kọ́kọ́ dùn mí.”

“Ẹ má tẹ̀ lé ọmú. Tèmi dùn mí tán, kò sì sí ọmọ níbẹ̀.”

Títí wò ó. Ó ní láti jẹ́ pé ìyá rẹ̀ ti sọ díẹ̀ fún un, nítorí ó di ọwọ́ Mojísọ́lá mú, ó sì dìde wọ bàtà.

Ilé ìwòsàn kan wà tí kò jìnnà. Mojísọ́lá ló dúró tì í níwájú tábìlì. Ìlà kan yọ, kò sì pẹ́ tí ìkejì fi yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó pupa fòò. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ ní kó dá oògùn náà dúró, pé èyí tó ti lò kò ní pa ọmọ lára, kó wá forúkọ sílẹ̀. Títí kọ́kọ́ pariwo, ó wá ń rẹ́rìn-ín, ó wá ń sunkún. Mojísọ́lá dì mọ́ ọn. Ó ní, “Ọlọ́run á sọ̀ yín kalẹ̀ láyọ̀, a ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó gbọ́ ohùn ọmọ.” Ó wí i tọkàntọkàn. Ó gba orí èjìká Títí ń wo ìlà méjèèjì títí nọ́ọ̀sì fi sọ pélébé náà nù.

Nírọ̀lẹ́, Ìyá Olúsànyà bá a lẹ́yìn ilé, níbi tó ti ń fọ àwọn abọ́ tí wọ́n fi jẹun. Ìyá jókòó sórí àpótí. Kò wo ojú rẹ̀.

“Ṣé Olúsànyà tẹ̀lé ẹ lọ gba abẹ́rẹ́ yẹn lóòótọ́?”

“Òun ló gbé mi lọ, Màámi. Kò lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà.”

“Kí ló wí níbẹ̀?”

Mojísọ́lá gbé abọ́ sílẹ̀. “Nọ́ọ̀sì ní abẹ́rẹ́ náà lè mú kí n sanra. Bàbá Ẹniọlá ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí nọ́ọ̀sì fún mi ní méjì, pé ìyá òun ti ń sọ tipẹ́ pé ìyàwó òun tín-ín-rín jù.”

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ìyá kó tó mọ̀. Ó fi etí ìró bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì, kò sì sẹ́ni tó lè sọ ìgbà tí ẹ̀rín náà di ẹkún. “Mo sọ bẹ́ẹ̀,” ló ń wí. “Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un lóòótọ́.” Mojísọ́lá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kún fún ọṣẹ, kò lè fi nu ojú ara rẹ̀.

Ìyá sìn wọ́n dé ibi tí wọ́n ti ń wọ ọ̀kadà. Kò tọrọ àforíjì, Mojísọ́lá náà ò retí rẹ̀. Ó kàn ní kó máa mú Ẹniọlá wá ní Sátidé bí àyè bá wà, ó sì fún wọn ní ẹ̀pà sísun nínú ọ̀rá.

Ẹniọlá ti sùn kí wọ́n tó dé Ìdímù. Mojísọ́lá gbé e sọ̀ kalẹ̀, ó gbé e wọlé, ó tẹ́ ẹ sórí ibùsùn. Kò sí iná. Ó jókòó sí pálọ̀, ó ń jẹ ẹ̀pà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń gbọ́ bí àwọn alájọgbélé tó wà lẹ́yìn ògiri ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀.